Ohun Tí Eyín Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Sọ

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, èèyàn mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wá ra àga. Bí wọn yóò ṣe dín ara kù ni wọ́n wá bi káfíńtà.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà ọ̀hún. Kì í ṣe pé ó kọ́ ilé alájà o. Ara rẹ̀ ló dà bí ilé alájà. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, bí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó wà nínú á máa wá iná tàn. Tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, òun náà á rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá bínú sí orúkọ ìnagijẹ, ó ti fi ìṣó kàn án mọ́ra nìyẹn. Àmọ́ tó bá délé, á dúró níwájú dígí, á fa ikùn wọlé, á tú u sílẹ̀, á tún fà á wọlé.

Lọ́dún yìí, Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti di ilé ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ti dín ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, títí àpò ọ̀tún àti àpò òsì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kíra wọn lẹ́yìn. Látìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni ń lọ sílé ìwé. Ohun kan náà ló máa ń sọ fún wọn: kí wọ́n mu omi gbígbóná láàárọ̀, kí wọ́n sì máa rìn dáadáa. Wọ́n á mi orí. Obìnrin kan tilẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn kan ṣoṣo náà ni.

Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé, tí wọ́n bá ti lọ tán, òun á wọ yàrá ẹ̀yìn, á ṣí àpótí irinṣẹ́ ńlá kan. Búrẹ́dì ló wà lábẹ́ àwọn ayùn. Á jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, kò ní mọ adùn rẹ̀, kò sì ní lè dáwọ́ dúró. Ìgbà tí mímí bá ń ṣòro ni ojú á tó tì í, tí ẹ̀rù á sì bà á. Nígbà náà ni á tan ẹ̀rọ ìfági sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́, á sì lọ bì í. Lẹ́yìn náà á bọ́jú, á jáde síta, á mú tépù ìwọngi lọ́wọ́ bí ẹni pé pákó ló ń dà á láàmú.

Nítorí ariwo ẹ̀rọ yìí, gbogbo àdúgbò gbà pé kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tíṣà àgbà kan tó fún un ní iṣẹ́ àpótí ìwé láti oṣù mẹ́ta nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò yé. Ó wá bi í lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, irú igbó tó ń gé láti àárọ̀ dalẹ́ tí àpótí kan ò jáde níbẹ̀.

Nílé náà, nǹkan ò fara rọ. Ìrẹsì tí ìyàwó rẹ̀ sè fún àwọn ọmọ á dín ní ìdajì kí wọ́n tó dé láti ilé ìwé. Ẹyin á pòórá. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní eku ni. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé irú eku wo ló ń ṣí ìkòkò, tó ń jẹun, tó ń dé ìkòkò padà, tó sì ń fọ ṣíbí. Ó dáhùn pé eku ayé òde òní ti lajú.

Obìnrin náà ra pàkúté. Kí ó má bàa dà bí ẹni tó ń janpata fún eku, Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ ló dẹ ẹ́ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó sáré wọlé lọ síbi búrẹ́dì àwọn ọmọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó gbàgbé, pàkúté sì gbá a lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé pákó ló já lé òun. Bí irọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í dá gbé. Á gbéyàwó, á bímọ, àwọn ọmọ náà á sì máa béèrè yàrá tiwọn.

Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni bàbá gbogbo irọ́ náà ń gbé.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbé orúnkún tó ń dùn ún lọ bá dókítà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Dókítà, onínúure ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú etí rẹ̀ débi ọ̀rọ̀. Bí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe jókòó, àga ké. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó rọra o, pé ìjọba ló ni àga yẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ ló tilẹ̀ pọ̀ jù. Káfíńtà ni, ó mọ̀ pé ẹni tó kan àga yẹn kò fi gọ́ọ̀mù sí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀, pé bí ọmọdé bá jókòó lé e, yóò ké. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ káfíńtà. Dókítà fún un ní ìwé, ó ní kó lọ dín ara kù. Kò bi í ní bó ṣe ń jẹun. Kò bi í ní ohun tó ń jẹ òun náà lọ́kàn.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì délé, kò jẹun lọ́jọ́ náà, kò jẹun lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ebi sọ ọ́ di ẹlòmíràn, ó jẹ ohun tí èèyàn mẹ́ta ì bá jẹ. Ibẹ̀ ni bíbì ti bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Nígbà tó padà dé ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ti já wálẹ̀. Dókítà pàtẹ́wọ́. Ó pe àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n wá wò ó. Bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń já sí i, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ́wọ́ ń pọ̀ sí i, títí Dókítà fi ya fọ́tò rẹ̀, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ẸNI TÓ GBỌ́RỌ̀ SÍ DÓKÍTÀ LẸ́NU.

Lẹ́ẹ̀kan, Dókítà bi í bó ṣe rí i ṣe. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lanu. Òtítọ́ ti dé etí ètè. Kó tó já, Dókítà ti dá ara rẹ̀ lóhùn: “Omi gbígbóná àti rírìn ni, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wí.

Ẹ ò rí i pé irọ́ tó ń pín fún àdúgbò pàápàá, Dókítà ló bá a hun ún.

Ní oṣù tí à ń wí yìí, ẹsẹ̀ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú nírọ̀lẹ́. Dókítà fún un ní oògùn tó máa ń jẹ́ kí èèyàn tọ omi ara dànù. Kò béèrè ohun púpọ̀, torí kí lèèyàn fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni àwòkọ́ṣe? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà kò sọ ohun púpọ̀, torí kí ni ẹni àwòkọ́ṣe fẹ́ sọ? Ó ń lo oògùn náà déédéé. Láti ìgbà náà ni iṣan ẹsẹ̀ ti ń fà á, tí àyà rẹ̀ ń fò gẹ̀gẹ̀ bí ẹyẹ tó bá ara rẹ̀ nínú páálí.

Lọ́jọ́ kan, ó ń la pákó lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ ayùn, ojú rẹ̀ ṣú. Kò pẹ́, bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí tábìlì ẹ̀rọ, àlàfo tó wà láàárín òun àti ayùn kò tó ìbú ìka kan. Ó pa ẹ̀rọ. Ó jókòó sínú lẹ́búlẹ́bú pákó, ó ka ìka rẹ̀. Mẹ́wàá ni. Ó tún un kà.

Ó lọ sọ fún Dókítà pé òòyì ń kọ́ òun. Ó ní bóyá ooru ni. Dókítà gbà pé ooru ni, ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an: ní Ọjọ́bọ̀, òun fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo aláìsàn, Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yóò sọ̀rọ̀. Kí ó mú ṣòkòtò rẹ̀ àtijọ́ dání. Nọ́ọ̀sì kan yóò wọ inú ẹsẹ̀ ọ̀tún, èkejì yóò wọ inú ẹsẹ̀ òsì, Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò sì dúró láàárín wọn.

Ìrora eyín ló gbà á sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, eyín kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta á tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè mu omi tútù. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan náà, ó yọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà Dókítà, ó wọ yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá Eléyín ni wọ́n ń pe dókítà eyín tó wà níbẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ọdún tó kù kó fẹ̀yìn tì kò ju méjì lọ, orí àpótí kékeré kan ló sì máa ń dúró lé kó tó lè rí ìsàlẹ̀ ẹnu èèyàn dáadáa.

Kí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó jókòó, ó ti sọ pé òun fẹ́ràn ọsàn wẹ́wẹ́ gan-an, pé òun máa ń mu ún láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́.

“Mi ò tíì bi yín,” ni Màmá Eléyín wí. “Ẹ lanu.”

Ó tan iná ńlá tó wà lókè. Ó fi dígí kékeré wo eyín ìsàlẹ̀, ó wo tòkè, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn wọn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga ju ti ẹni tó ń bá abẹ́rẹ́ àti òwú sọ̀rọ̀ lọ.

“Ọsàn wẹ́wẹ́, iwájú eyín ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹnu ọ̀nà ló ń gbà wọlé. Ohun tó ń jẹ eyín tiyín, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé.”

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fẹ́ ṣàlàyé. Dígí wà lẹ́nu rẹ̀, òwú wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀pá tó ń fa itọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó jáde ni “Ọ̀ọ̀-ùn-ọ̀ọ̀.”

“Ẹ sinmi. Mi ò bá yín jà, ẹ ò sì ṣẹ̀. Mo ti rí i lẹ́nu ọmọge, mo ti rí i lẹ́nu sójà, mo ti rí i lẹ́nu ìyá tó ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń bì lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀méjì. Tí ẹ ò bá fẹ́ dáhùn, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, a ó sì máa bá eyín wa lọ.”

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pinnu pé òun ò ní ṣẹ́jú rárá. Ó la ojú kalẹ̀, ó ń wo iná. Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn kó dán an wò. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Omi kóra jọ síbẹ̀. Ó rántí ọwọ́ tó fẹ́ gbé sókè, ọwọ́ náà kò gbéra. Ó ṣẹ́jú.

Kíá, ó fẹ́ fi ẹlẹ́ẹ̀kejì tì í lẹ́yìn. Ìpéǹpéjú tó máa ń ṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́, kò gbà láti ṣẹ́ mọ́. Ojú náà kàn pa dé sí ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni, omi sì ń ṣàn láti abẹ́ rẹ̀ lọ sínú etí.

Màmá Eléyín yọ gbogbo irinṣẹ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fún un ní aṣọ ìnujú. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti ọjọ́ yìí ni pé: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dókítà.”

“Mi ò ní ṣèlérí ohun tí mi ò ní lè mú ṣẹ,” ni Màmá Eléyín wí. “Ìyàwó yín ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ará àdúgbò ò ní gbọ́ ọ. Àmọ́ tí mo bá rí i pé ẹ̀mí yín wà nínú ewu, màá sọ fún dókítà, ẹ̀yin ni màá sì kọ́kọ́ sọ fún pé mo fẹ́ sọ. Mi ò ní gba ẹ̀yìn yín lọ.”

Ó wá bi í bóyá òòyì máa ń kọ́ ọ, bóyá àyà rẹ̀ máa ń já. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ fún un. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ayùn àti ìka mẹ́wàá, Màmá Eléyín dìde dúró.

Ó ṣàlàyé fún un pé ohun tó ń ṣe yìí kì í ṣe ìwà burúkú, kì í sì í ṣe ọ̀kánjúwà. Àìsàn ni, ó ní orúkọ, ó sì ní ìtọ́jú. Iyọ̀ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ti ọbẹ̀, òun ni ọkàn fi ń lù déédéé. Bíbì léraléra máa ń kó o dànù. Tó bá lọ tán, ọkàn lè dúró láìkìlọ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bi í, pẹ̀lú ìtìjú, bóyá kì í ṣe àìsàn àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ rí tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn. Màmá Eléyín ní àìsàn ò mọ fìlà yàtọ̀ sí gèlè.

“Òní ni wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kì í ṣe ọ̀la,” ló wí. “Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un, àbí kí a jọ lọ?”

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní òun á dá lọ. Màmá Eléyín ní ó dáa, pé tó bá di ìdajì wákàtí, òun á wá kan ilẹ̀kùn.

Inú Dókítà dùn púpọ̀ láti rí i. Ó ti fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ yàrá níbi tí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ọ̀rọ̀ kan wà. Dókítà bi í pé ṣòkòtò ńkọ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ bí òun ṣe dín ara kù. Dókítà na ọwọ́ sókè, ó ní kó má tíì sọ ọ́, kó pa á mọ́ di Ọjọ́bọ̀ kó lè dùn létí àwọn èèyàn.

“Dókítà, mo ń bì.”

Dókítà fa ìwé oògùn mọ́ra. “Pẹ̀lẹ́ o. Kí lẹ jẹ?”

“Kò sí ohun tí mi ò jẹ. Mo máa ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, màá wá lọ bì í. Ó ti tó nǹkan bí ọdún méjì. Kò sí omi gbígbóná kankan.”

Kálámù dúró. Dókítà kò wo Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fọ́tò ara ògiri ló ń wò. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ń parọ́ fún òun nìyẹn, ó jẹ́ kí òun máa fi í ṣe àfihàn fún ọ̀gá òun, fún àwọn àlejò.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wí. “Mo parọ́. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ omi gbígbóná. Èmi kàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí àga ké, tí gbogbo yín rẹ́rìn-ín, èmi ni mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ àga yẹn kò dáa. Káfíńtà ni mí. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tún délé, mi ò lè jẹun.”

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí ara ògiri láti já fọ́tò náà. Gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ ẹ́ le. Ó já bọ́ pẹ̀lú ọ̀dà ògiri tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà kò padà sẹ́yìn tábìlì. Ó fa àga wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

“Ẹ má bínú sí mi,” ló wí. “Òṣùwọ̀n ni mo ń wò, mi ò wo ẹ̀yin. Kò sí ìbéèrè tó yẹ kí n bi yín tí mo bi yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ mìíràn náà: mi ò mọ̀ tó nípa àìsàn yìí. Ẹnì kan wà tó mọ̀ ọ́n dáadáa, màá kọ̀wé sí i lónìí. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, oògùn ẹsẹ̀ wíwú yẹn, ṣé ẹ ń lò ó?”

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní òun kò pa á jẹ lọ́jọ́ kan.

Dókítà di orí mú. Oògùn náà dára fún ẹni tó bá tọ́ sí, ṣùgbọ́n ó máa ń bá èèyàn kó iyọ̀ ọkàn kan náà dànù. Bí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣe ń fi ọwọ́ kan sọ ọ́ nù, ni Dókítà ń bá a fi ọwọ́ kejì gbá a síta. Ó ní kó má lò ó mọ́, ó sì ké sí nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Màmá Eléyín kan ilẹ̀kùn lákòókò yẹn, ó yọjú, ó rí bí àwọn méjèèjì ṣe jókòó, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Èsì ẹ̀jẹ̀ kò dára. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dá a dúró lórí ibùsùn, wọ́n ń fi omi àti iyọ̀ sí i lára, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Dókítà bi í bóyá kí òun bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, àbí òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Ó ní òun ni.

Obìnrin náà dé pẹ̀lú aṣọ mímọ́, ó jókòó sí etí ibùsùn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wo òkè àjà.

“Ìyá Àwọn Ọmọ,” ló wí, “èmi ni eku yẹn.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ mímọ́ náà kalẹ̀. Ó wá sọ fún un pé òun ti mọ̀ láti oṣù tó kọjá pé kò sí eku tó ń fọ ṣíbí. Ohun tí òun rò ni pé ó ń gbé oúnjẹ lọ fún obìnrin kan níta. Ẹ̀ẹ̀mejì lòun tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, ariwo ẹ̀rọ nìkan lòun bá níbẹ̀. Òun ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ fún obìnrin yẹn sílẹ̀, láti orí dé ìdí, òun tilẹ̀ ti mọ aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ.

“Ta ni kí n wá lọ sọ ọ́ fún báyìí?” ló bi í.

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kó lọ títí wọ́n fi ní àkókò ìbẹ̀wò ti tó.

Ní Ọjọ́bọ̀, Dókítà ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún àwọn tó jókòó pé òun ti ṣe àṣìṣe kan, pé òun yin ẹnì kan títí ẹni náà kò fi rí àyè sọ pé ara òun kò yá. Ìyá arúgbó kan tó ti gbọ́ ìròyìn tẹ́lẹ̀ wá na ọwọ́ sókè, ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ ibo ni ṣòkòtò tí wọ́n ní nọ́ọ̀sì méjì máa wọ̀ wà?

A ò ní tàn yín jẹ pé ọ̀rọ̀ náà parí lọ́jọ́ kan. Dókítà tí wọ́n kọ̀wé sí, obìnrin tó mọ̀ nípa ìrònú ọkàn àti oúnjẹ, ń rí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń bá ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ jẹun lórí tábìlì kan náà, ní àkókò kan náà. Ọ̀sẹ̀ mìíràn á dára, òmíràn kò ní dára. Lẹ́yìn oṣù kẹrin, ó ṣubú padà sínú àìsàn náà fún ọjọ́ méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó lọ bá Dókítà, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí, kò bu iyọ̀ sí i, kò sì bù kúrò níbẹ̀. Dókítà kò bá a wí. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi,” ó sì bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìdáhùn náà gùn. Dókítà gbọ́ ọ tán.

Nísinsìnyí, kí Dókítà tó ní kí ẹnikẹ́ni gun òṣùwọ̀n, ó máa ń tọrọ àyè, ó sì máa ń sọ ìdí rẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti sanra díẹ̀ sí i. Àwọn aláwàdà àdúgbò ní ó ti ń kọ́ àjà kejì padà. Ó dá wọn lóhùn pé ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá ti dúró, àjà tó bá wù ú ló lè gbé.

Ẹ̀yin òbí, ọkọ, aya àti ará, àìsàn tó ń da àárín èèyàn àti oúnjẹ rú wà láàárín wa, kò sì mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, tàbí ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Ẹni tó ní in lè rù, ó lè sanra, ó sì lè wà ní ìwọ̀nba. Tí ẹ bá rí i pé oúnjẹ ń pòórá, tí ẹnì kan ń sá fún tábìlì tàbí tó máa ń dìde wọ ilé ìwẹ̀ ní gbàrà tó bá jẹun tán, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì yìn ín pé ó rù. Ẹ bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì bá a dé ilé ìwòsàn. Tí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí àyà rẹ̀ ń já, tàbí tó dákú, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì wa, ẹ máa béèrè, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ẹ sọ fún aláìsàn ohun tí ẹ lè bò láṣìírí àti ohun tí ẹ ò lè bò, kó tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá sọ ọ́ tán. Ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò ní dín iyì yín kù.

Ìwọ náà tó ń gbé irú nǹkan báyìí kiri, wá ẹnì kan nílé ìwòsàn tí ọkàn rẹ balẹ̀ sí, dókítà ni o, nọ́ọ̀sì ni o, ẹni tó ń wo eyín ni o, kí o sọ fún un. Tí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbọ́ ọ yé, sọ fún ẹlòmíràn. Má jẹ́ kí ìtìjú bá ọ dáhùn ìbéèrè wọn. Oògùn tí dókítà bá kọ lórí irọ́, kì í ṣe dókítà ló máa gbé e mì.